Ọwọ́ Tó Ń Gbọ̀n Nítorí Mi

Ọmọ mi àtàtà,

Kí o tó ka ìlà kejì, jọ̀ọ́ wá nǹkan jókòó lé. Ìyá rẹ ti relé ọkọ. Ó pé oṣù mẹ́ta báyìí. Gbogbo ìgbà tí o ń pè mí, tí o ń bi mí pé kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín, tí mo ní kò sí nǹkan kan, irọ́ ni mo pa, ọkọ mi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Má bínú. Ṣé dáadáa ni ẹ wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ̀rín wọ́n nílé yín, bí kò ṣe wọ́n nílé tiwa.

Télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ọkọ mi, àwọn tó rán aṣọ ilé-ìwé rẹ àkọ́kọ́. Mo gbé aṣọ lọ fún wọn láti gé. Bí a ṣe jókòó, ọwọ́ ọ̀tún wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí itan, ìka ń yí mọ́ àtàǹpàkò bí ẹni ń lọ́ òwú. Bí wọ́n bá mú àlùmọ́gàjí, á rọlẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e sílẹ̀ tí wọ́n kọjú sí mi, á tún dé. Mo ní háà, ìfẹ́ rèé! Wọn kì í rẹ́rìn-ín, mo ní ìtìjú ni. Ohùn wọn kéré, mo ní wọn ò fẹ́ kí aládùúgbò gbọ́ ni. Wọ́n kọ lẹ́tà sí mi, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ń kéré lọ títí ìlà ìkẹyìn fi dà bí ẹsẹ̀ eèrà, mo ní kí n lè sún mọ́ ọn ni. Mo sì sún mọ́ ọn.

Ìgbà tí mo délé wọn ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju ìfẹ́ lọ. Bí a bá dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ wọn á lẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo bi wọ́n pé ṣé wọn ò fẹ́ wọlé bá mi ni, wọ́n ní ọkàn àwọn ti wọlé tipẹ́, ẹsẹ̀ ni kò tíì gbọ́.

Mo mú wọn lọ sílé ìwòsàn. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún wa béèrè ìgbà tí gbígbọ̀n náà bẹ̀rẹ̀ àti ohun tó fà á. Mo kọ ọ́ kedere pé ọjọ́ tí wọ́n rí mi ni, èmi ni mo fà á. Dókítà obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní màmá, ẹ ò jẹ̀bi o, inú ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló ń dín kù. Ó ní kì í ràn, kì í sì í lọ pátápátá, ṣùgbọ́n ó ṣeé tọ́jú: ká lo òògùn ní wákàtí rẹ̀, ká má sì dá a dúró lójijì. Ó ní ká fa ìlà sí ẹnu ọ̀nà kí wọ́n máa gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí ẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń sàmì sí aṣọ ni mo fi fà á. Ọmọ mi, wọ́n ń gba orí ìlà funfun yẹn kọjá bí ẹni ń rìn lójú àlá, èmi náà ń tẹ̀ lé wọn, mò ń kọrin kí ẹsẹ̀ wọn lè bá orin lọ.

Nọ́ọ̀sì fi wákàtí òògùn sínú fóònù mi. Ẹni tó wà nínú ẹ̀ mà ń ṣiṣẹ́ o! Lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ ló ń ké, mo máa ń sọ fún un pé a ti lò ó, ẹ ṣé, ẹ kú iṣẹ́, kì í dáhùn. Bóyá inú ń bí i pé a ò pè é síbi ìgbéyàwó.

Nígbà tí òògùn wọlé, ọwọ́ náà rọlẹ̀. Mo sunkún, mo ní ìfẹ́ ti tán nìyẹn. Wọ́n gbé e lé tèmi, ó wà jẹ́ẹ́, wọ́n ní ìsinsìnyí ni àwọn tó lè dì mí mú dáadáa.

Ẹ̀yin ọmọ nìkan ló ń já wọn láyà. Àwọn ló bẹ̀ mí kí n fi ọ̀rọ̀ pamọ́, wọ́n ní ẹ ó rí ọwọ́ àwọn, ẹ ó ní ẹrù ni màmá yín lọ gbé. Dókítà sì ní kí gbogbo ilé wá kọ́ bí a ó ṣe máa ràn wọ́n lọ́wọ́, torí èmi nìkan ò lè dá a ṣe. Àná, wọ́n to àga mẹ́fà dè yín, wọ́n tún yọ mẹ́rin, wọ́n ní bóyá ẹ ò ní wá tán. Mo dá àga mẹ́rin náà padà.

Fi owó ọkọ̀ ilé ìwòsàn ránṣẹ́, kí o sì bá wa ra aago tó ń pariwo, bí ẹni inú fóònù bá lọ gba ìsinmi. Ọwọ́ rẹ ò ní gbọ̀n lórí ohun rere, ẹsẹ̀ rẹ ò ní dúró lẹ́nu ọ̀nà ayọ̀.

Sọ fún àwọn àbúrò rẹ méjèèjì, kí kálukú mú ẹnì kejì ẹ̀ dání, kí ẹ wá bá wa nílé, ká jọ lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ dókítà: Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá, aago mẹ́sàn-án àárọ̀.