Ẹ̀wà Inú Garawa

Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ kẹtàlá, Oṣù Kẹta, 1985.

Olúyọmí ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé ara rẹ le, ṣé ìwé ń lọ déédéé ní Ìbàdàn? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ikọ́ tó ń da bàbá rẹ láàmú ti fi í sílẹ̀.

Ìwọ náà mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti ń ṣe alábòójútó ilé ìdáná ilé-ìwé wa, oúnjẹ tí àwọn ọmọ ń dànù ló ń bà mí lọ́kàn jẹ́. Garawa mẹ́ta ni lójoojúmọ́. Mo bá wọn wí títí, wọn ò gbọ́. Lóṣù tó kọjá, mo bi ọmọ kékeré kan, Edith, ìdí tó fi ń da ẹ̀wà tirẹ̀ nù. Ó ní, "Iye tí ẹ ń bù fún àwọn sẹ́níọ̀ náà lẹ ń bù fún mi, mà. N kì í lè jẹ ẹ́ tán." Ojú tì mí.

Láti ọjọ́ kejì la ti ń bi oníkálukú bí ebi ṣe ń pa á tó kí a tó bu oúnjẹ fún un. Ẹni tí kò bá yó, á padà wá. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, garawa kan ò kún mọ́. Ọ̀gá ilé-ìwé yìn mí níwájú gbogbo ọmọ.

Inú gbogbo wa dùn, àfi Ràmọ́tà tó ń fọ abọ́ fún wa. Ó ń rù, kì í sì í bá wa sọ̀rọ̀ mọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, mo bá a níbi tó ti ń fi ọwọ́ ha ìdí garawa sínú ike. Ó ti rò pé màá pe òun ní olè. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́, inú garawa yẹn ló ti ń bọ́ ọmọ rẹ̀ mẹ́rin. Ó ní, "Ohun tí ẹ ṣe dára, mà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mi ò rí nǹkan jẹ mọ́."

Mo jókòó tì í sórí ilẹ̀, mo sunkún. Ọdún méjì la ti jọ ń ṣiṣẹ́, n kò bi í rí bóyá ó jẹun.

Mo lọ bá ọ̀gá, n kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ìdáná máa gba abọ́ oúnjẹ tiwọn láti inú ìkòkò. Wọ́n ní ìjọba kò fọwọ́ sí i. Mo bi wọ́n bóyá ìjọba fọwọ́ sí èyí tí a ń dànù tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kí n máa bù ú fún wọn.

Lónìí, Ràmọ́tà gbé abọ́ tirẹ̀, ó fi ọmọrí dé e, ó sì gba géètì iwájú jáde lójú gbogbo wa.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o mọ ebi, kò sì ní jẹ́ kí o gbójú fo ẹni tí ebi ń pa. Ire lo máa mú bọ̀ wálé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Matilda.

Mo tún rántí: mo fi gààrí àti ẹja gbígbẹ rán Síkírù awakọ̀ sí ọ. Bí ẹnì kan nínú yàrá yín bá ní òun ti yó, tún bi í lẹ́ẹ̀kejì.