Àpótí Tó Ń Dáhùn Lórúkọ Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹni tí kì í pa rédíò,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mi ò ní béèrè àlàáfíà yín, torí mo mọ̀ pé ara yín ti balẹ̀ níbi tí ẹ wà. Àwa tí ẹ fi wáyà sílẹ̀ fún ni ara wa ò balẹ̀. Pálọ̀ yín ní Ajah níbí ni mo jókòó sí, mo sì ń bínú sí yín. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ gbà mí, ta ló ń kú tó ń fi irú ẹrù báyìí sílẹ̀? Bàbá àwọn ẹlòmíì lágbègbè yìí kú, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi àti àwọ̀n sílẹ̀. Tiyín, páìpù irin tó ga ju igi àgbọn lọ ni, tí ẹ fi okùn irin dè káàkiri àgbàlá, tí ọ̀kan sì gba ojú ọ̀nà balùwẹ̀ kọjá. Ẹsẹ̀ mi ti kọ́ ọ títí ó fi sú mi. Bátìrì mọ́tò wà nídìí àga, omi rẹ̀ ti jẹ kápẹ́ẹ̀tì Màmá. Tẹlifíṣọ̀n tí gbogbo ilé fi ń wo eré ni ẹ gbà lọ́wọ́ wa, ẹ sọ ọ́ di ojú kọ̀ǹpútà, láti ọjọ́ náà lẹ́tà funfun nìkan là ń wò. Gírísì tí ẹ máa ń fi pa irin kí afẹ́fẹ́ òkun má baà jẹ ẹ́ ṣì wà lára ilẹ̀kùn níbi tí ẹ máa ń nu ọwọ́ sí. Mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kò lọ.

Nígbà tí ẹ wà láyé, mo gbà pé eré ọwọ́ àgbàlagbà ni. Iṣẹ́ rédíò ni ẹ ṣe nínú ọkọ̀ òkun títí ẹ fi fẹ̀yìn tì, ẹ ò sì lè fi í sílẹ̀. Ẹ wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi rédíò bá ara wọn sọ̀rọ̀ tìfẹ́tìfẹ́, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò burú. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò tó yín, àfi kí ẹ tún so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn. Ẹ̀ ń tẹ ọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà, àpótí kékeré kan á sọ ọ̀rọ̀ náà di ariwo bíi ti ìrẹ̀, rédíò á jù ú sáfẹ́fẹ́, àpótí ẹni kejì á gbọ́ ọ, á sì tún un kọ sójú tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ẹ ń pariwo pè mí, nọ́ọ̀tì irin méjì há yín lẹ́nu, mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí ẹ̀ ń sọ. Ìgbà wo tiẹ̀ ni nọ́ọ̀tì ò sí lẹ́nu yín?

Ohun tó wá fa gbogbo wàhálà yìí ni ibi tí ilé wa wà. Ọ̀rẹ́ yín Àlàájì Gàníyù, tó ń ta pákó ní Ìbẹ́jú, jìnnà sí àwọn ará Lagos tó kù nínú ẹgbẹ́ yín. Rédíò Àlàájì ò lè dé ọ̀dọ̀ wọn ní Victoria Island láéláé, àyàfi tó bá gba ara tiwa kọjá. Àpótí yín ló ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Àlàájì, tó ń jù ú síwájú, tó sì ń lẹ orúkọ yín mọ́ ọn pé ọ̀dọ̀ yín ló gbà kọjá. Orúkọ tí ìjọba fún yín láti máa jẹ́ lórí afẹ́fẹ́ ni mò ń sọ, tí ẹ fẹ́ràn ju èyí tí ìyá yín sọ yín lọ. Àpótí yẹn ò nílò èèyàn nítòsí. Bí ẹnì kan bá pè yín, òun fúnra rẹ̀ ló ń dáhùn, á kọ ohun tí ẹ ti kọ síbẹ̀ pé ẹ kú ìpè o, mo jáde díẹ̀ ni, ẹ fi ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀, mò ń bọ̀.

Ẹ̀yin náà ti mọ ibi tí mò ń lọ, àbí?

A sin yín, a ṣe àdúà. Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ yín fẹ́ ṣe ìdágbére tiwọn. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ẹ ti ṣe é fún àwọn míì rí. Ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á jókòó ti rédíò tirẹ̀, akọ̀wé á pe orúkọ olóògbé fún ìgbà ìkẹyìn, kò ní sẹ́ni tó máa dáhùn, gbogbo wọn á sì dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Ìdákẹ́ yẹn gan-an ni ìdágbére. Báyọ̀ ni akọ̀wé yín, ojúgbà mi ni, òṣìṣẹ́ báńkì tí kì í bọ́ táì kódà lọ́jọ́ Sunday. Òun ló ní kí a fi kọ̀ǹpútà ṣe é, kó lè bóde mu. Èmi àti Màmá jókòó ní pálọ̀, ojú wa wà lára tẹlifíṣọ̀n. Báyọ̀ pe orúkọ yín.

Ẹ dáhùn.

Bàbá, ẹ dáhùn! Ẹ ní ẹ jáde díẹ̀ ni, ẹ̀ ń bọ̀. Nínú gbogbo ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ yẹn, ẹnì kankan ò rántí pé kí wọ́n ní ká kọ́kọ́ pa àpótí yín. Èrín kọ́kọ́ pa mí, ni mo bá wo ojú Màmá, èrín náà sì parí. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó yẹ kó ṣe lórí afẹ́fẹ́. Àlàájì Gàníyù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún yín pé kò sí ìkánjú, àwọn á dúró. Ni àwọn tó kù náà bá ń fi tiwọn sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Bí ìdágbére yín ṣe bàjẹ́ nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo àárọ̀ lẹ́yìn ìrun àsúbà ni Àlàájì ń kí yín. Wọ́n ń sọ bí orúnkún wọn ṣe ń ṣe wọ́n, wọ́n ń sọ pé òjò ti jẹ́ kí pákó àwọn tẹ̀. Wọn kì í ṣe wèrè, wọ́n mọ̀ pé ẹ ti kú, àwọn náà wà lára àwọn tó gbé òkú yín. Kí ni wọ́n fẹ́ kí n ṣe sí ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn? Ṣé kí n máa nù ún kúrò ni, àbí kí n máa kà á sí yín létí?

Lẹ́yìn ìyẹn ni Báyọ̀ fi mọ́tò wá, mọ́tò rẹ̀ rì sínú yanrìn iwájú ilé, àwa la bá a tì í. Ó ní òfin ò gbà kí orúkọ ẹni tó ti kú máa sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́, pé bí ìjọba bá gbọ́, gbogbo ẹgbẹ́ ló máa jìyà rẹ̀. Ó ní kí n pa á. Mo ní ó yá. Inú mi tiẹ̀ dùn, ọwọ́ mi ti wà lára wáyà bátìrì. Màmá pè mí láti orí àga wọn pé kí n fi í sílẹ̀. Inú opó ni wọ́n wà, wọn kì í jáde, ariwo ìrẹ̀ yẹn àti iná pupa tó ń ṣẹ́jú lára àpótí náà ló ń bá wọn gbé nínú ilé. Tí mo bá sì pa á, Àlàájì náà ti di ẹni tí kò rí ẹnì kankan bá sọ̀rọ̀ nìyẹn. Mo ní kí Báyọ̀ jẹ́ ká fi orúkọ mi rọ́pò tiyín. Háà, ó rẹ́rìn-ín! Ó ní kì í ṣe nǹkan tí ọmọ ń jogún, àfi kí n lọ ṣe ìdánwò kí n gba ìwé àṣẹ tèmi. Ó bá mi bẹ ẹgbẹ́ kí wọ́n ní sùúrù díẹ̀ fún wa.

Kí ló dé tí ẹ ò kọ́ mi, Bàbá? Ọjọ́ wo ni ẹ ò sọ pé tó bá di ìsinmi, ẹ ó kọ́ mi? Ìsinmi ń wá, ó ń lọ, ẹ̀yin ń gun páìpù. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní jọ́gíráfì ni mo wá ń jókòó ti téèpù, mò ń kọ́ kọ́ọ̀dù Mọ́ọ̀sì tí wọ́n ń fi ìró kọ lẹ́tà nínú ìdánwò náà bí ọmọ jẹ́léósinmi, tó-tó-tó títí orí á fi fẹ́ẹ̀ fọ́ mi. Mò ń fi ṣíbí lu tábìlì kọ́ ọ. Màmá dìde kúrò nídìí oúnjẹ. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yin náà ṣe máa ń fi ṣíbí lu abọ́ tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n bu omi wá, pé wọ́n á sì máa bú yín bí wọ́n ṣe ń bu omi náà bọ̀. Mo lọ ń fi ṣíbí lu ògiri lẹ́yìnkùlé.

Ìdánwò àkọ́kọ́, mo fìdí rẹmi. Ọkùnrin tó ń dán wa wò kò tiẹ̀ gbójú sókè tó fi sọ fún mi. Mo wọ bọ́ọ̀sì padà sí Ajah, mò ń bú yín lójú ọ̀nà, ẹni tó jókòó tì mí sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo fẹ́ jáwọ́. Ọlọ́run ló mọ̀ pé mo fẹ́ jáwọ́. Ìgbà tí mo délé, iná pupa yẹn ń ṣẹ́jú, Àlàájì ń béèrè lọ́wọ́ yín pé báwo ni ìdánwò ọmọ wa. Ẹ ní ẹ jáde díẹ̀ ni. Inú bí mi débi pé mo gbé téèpù yẹn padà síta kí n tó bọ́ bàtà. Ẹ̀ẹ̀kejì, mo yege.

Ìgbà tí ìwé àṣẹ mi fi máa jáde, Màmá ti parí opó. A ti kó aṣọ yín jáde, a ti fi ṣe sàráà. Bùbá aláwọ̀ ewé yẹn wà lọ́rùn múásínì báyìí, ó gùn jù ú. Mo rò pé Màmá á tún bá mi jà lórí àpótí yìí, mo ti múra sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ló wọlé tọ̀ mí wá tí wọ́n ní orúkọ yín nìkan ló kù lọ́wọ́ wa tí a ò tíì jọ̀wọ́, pé kí n jẹ́ kí àwọn èèyàn yín rí yín dágbére fún. Wọn ò sunkún. Wọ́n lọ sínú iyàrá, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń yọ orúkọ kúrò nínú àpótí. Àlàájì ló ń sọ ọ́ fún mi láti Ìbẹ́jú, díẹ̀ díẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n ń kọ ọ́ sí mi pé tẹ èyí, dúró, tẹ ìyẹn. Nígbà tó ku kí n tẹ èyí tó kẹ́yìn, wọn ò kọ nǹkan kan mọ́. Mo dúró, mo dúró. Wọ́n wá kọ ọ́ pé ó dàárọ̀ o, ọ̀rẹ́ mi, lọ́sàn-án gangan. Èmi kọ́ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Mo pa orúkọ yín rẹ́, mo tẹ tèmi, mo sì pa ọ̀rọ̀ pé mò ń bọ̀ yẹn rẹ́ pẹ̀lú.

Àná Sunday ni wọ́n tún ìdágbére yín ṣe. Báyọ̀ pè mí tẹ́lẹ̀ pé ṣé ó dá mi lójú pé mo ti yọ ọ́ dáadáa, pé kí ojú má tún ti àwọn. Mo ní ó dá mi lójú. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì kó lè dá mi lójú. Màmá jáde, wọ́n fa àga wọn sún mọ́ tèmi. A ń wo tẹlifíṣọ̀n.

Báyọ̀ pe orúkọ yín. Mo rí i tó jáde lójú tẹlifíṣọ̀n, orúkọ yín, mo sì ń wo iná pupa yẹn. Èmi tí mo ti ń bú àpótí náà láti ọjọ́ tí ẹ ti kú, ẹ wá wò mí, mò ń bẹ̀ ẹ́ nínú mi pé kó tún ṣe àṣìṣe rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Kó ní ẹ̀ ń bọ̀. Irọ́ ni, mo mọ̀ pé irọ́ ni, kó ṣáà sọ ọ́.

Kò dáhùn. Mo ti ṣe iṣẹ́ náà dáadáa, Bàbá.

Ọmọ yín tó ń bínú sí yín, tí kò sì mọ ẹlòmíì tó lè bínú sí báyìí, àfi ẹ̀yin tó fẹ́ràn jù.