Ọ̀rọ̀ Kan Ṣoṣo Tó Kù Lẹ́nu Ọ̀gá

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta

Olùkọ́ Ẹnu ní kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Olùkọ́ Ẹnu. Ọmọbìnrin tí ilé ìwòsàn ń rán wá ni, láti tún kọ́ ọkọ mi ní ọ̀rọ̀ sísọ. Ó ní, “Màmá, ẹ máa kọ ìgbà tí Bàbá bá sọ̀rọ̀, àti ohun tí ẹ rò pé wọ́n fẹ́.” Kò ní kí n má kọ tèmi mọ́ ọn. Màá kọ ọ́.

Ọkọ mi ni Ọ̀gá. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bẹ́ẹ̀ lèmi náà ń pè é. Télọ̀ ni, kóòtù ọkùnrin ló ń rán. Àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlù ú lóṣù tó kọjá. Ó mú ọwọ́ ọ̀tún, ó mú ẹsẹ̀ ọ̀tún díẹ̀, ó kó gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ, ó wá fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún wa.

Sọ́rì.

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láyé! Kì í ṣe omi. Kì í ṣe orúkọ mi. Sọ́rì — ọkùnrin tí kò bẹ ẹnikẹ́ni rí. Ó tẹ oníbàárà kan lẹ́sẹ̀ nígbà kan, ó ní, “Ẹsẹ̀ yín mà gùn o.” Nígbà tí Olùkọ́ Ẹnu lọ tán, mo rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà mo sunkún.

(Nínú ìwé yìí, “ó” ni mò ń pè é. Lójú rẹ̀, “ẹ” ni. Ìwé kì í ṣòfófó.)

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Sọ́rì — omi. Sọ́rì — pa rédíò yẹn. Sọ́rì sọ́rì sọ́rì — ó fẹ́ tọ̀. Mo yára, mo bá a.

Ọjọ́bọ̀, 6

Mo ti ń mọ̀ wọ́n díẹ̀díẹ̀, bí ìyá ìkókó ṣe ń mọ ẹkún ebi yàtọ̀ sí ẹkún oorun. Bí ó bá fà á nílẹ̀, nǹkan mímu ni. Bí ó bá gé e kúrú, mo ti ṣe ohun tí kò dáa. Bí ó bá gbé e sókè níparí, ó ń bèèrè ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ti òní le. Ó ti rù, ṣòkòtò rẹ̀ ń já bọ́. Mo mú un, mo fẹ́ bá a dín ìbàdí rẹ̀ kù. “Sọ́rì!” Ó fi ọwọ́ òsì já a gbà lọ́wọ́ mi. Mo gbọ́ ọ yékéyéké: má fọwọ́ kàn án. Nínú ṣọ́ọ̀bù wa, èmi ni mo ni bọ́tìnì, èmi ni mo ni áyọ́ọ̀nù. Òun ló ni sísọ́ọ̀sì. Láti ọjọ́ tó ti di ọ̀gá, kò wọ aṣọ tí ọwọ́ ẹlòmíràn rán rí. Ó wá fa táì àtijọ́ kan yọ, ó so ó mọ́ ìdí. Ọ̀gá télọ̀, ó ń fi táì so ṣòkòtò! Mo bọ́ síta kí ó má baà rí ẹ̀rín mi.

Mo ń ronú sí i. Irọ́ ni mo pa pé kò bẹ̀bẹ̀ rí. Ọwọ́ ló fi ń bẹ̀. Bí a bá jà, bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, bọ́tìnì búláòsì mi tó ti ń mì dìrodìro á ti le pinpin. Kò ní sọ nǹkan kan. Èmi náà kò ní bèèrè. Ọwọ́ tó mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀ ló wá kú yìí. Ẹnu tí kò mọ̀ ọ́n bẹ̀ ló kù, ó sì ń bẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ nítorí omi àti rédíò.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Abẹ́rẹ́ pè. Ọmọ wa kan ṣoṣo. Láti kékeré ni mo ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: tínínrín, ẹnu mímú. Kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń pè mí láti ìlú tó ń gbé, á bèèrè orúnkún mi, á bèèrè oorun mi. Ti bàbá rẹ̀, “Ṣé wọ́n wà?” Ó parí síbẹ̀. Ọdún kẹjọ rèé tí kò wọ ilé yìí.

Jẹ́ kí n kọ ọ́, kò sẹ́ni tó ń kà á. Abẹ́ tábìlì tí bàbá rẹ̀ ti ń gé aṣọ ni ọmọ yẹn dàgbà sí. Ó kọ́ ọ ní gbogbo oríṣi ìránṣọ, ṣùgbọ́n sísọ́ọ̀sì, rárá. Obìnrin kì í gé kóòtù ọkùnrin, ohun tó ń wí nìyẹn. Ó wá rìnrìn-àjò lọ́sẹ̀ kan. Abẹ́rẹ́ gé kóòtù aláwọ̀ eérú fún oníbàárà wa kan, ó rán an parí. Èmi ni mo lọ̀ ọ́. Kò sí àléébù kankan lára rẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù wa, bí kóòtù bá parí, a máa ń fi okùn kan sílẹ̀ ní etí apá rẹ̀. Ọ̀gá á yẹ aṣọ náà wò, á fi eyín já okùn yẹn, á tu ú dànù. Ìgbà yẹn ni aṣọ tó di aṣọ. Ó dé láti ìrìn-àjò, ó yí kóòtù náà sódì, ó fi àtàǹpàkò tọ ojú rán rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Ó tẹ orí ba síbi okùn. Mo ti ń rẹ́rìn-ín. Ó wá gbé bíléèdì, ó tú u — apá kan, apá kejì, kọ́là — lójú ọmọ, lójú oníbàárà. Abẹ́rẹ́ gbé báàgì rẹ̀. Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ báyìí, kóòtù ọkùnrin náà ló ń gé. Ó sọ fún mi rí pé sísọ́ọ̀sì ni àwọn fi ń gé gbogbo okùn níbẹ̀. Kò fẹ́ eyín ẹnikẹ́ni lára iṣẹ́ òun.

Lónìí, Ọ̀gá na ọwọ́ sí fóònù. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Mo gbé e sí i létí. Ó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀, ó ní, “Sọ́rì.” Jẹ́jẹ́.

Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ẹkún. Mo gba fóònù. “Màámi, wọ́n sọ ọ́.” Mo ní, “Wọ́n sọ ọ́.” Ó mọ̀ pé ara bàbá òun kò yá, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ṣòro fún un. Kò mọ̀ pé ẹyọ kan ló kù. Ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀ yẹn gan-an. Ó ní òun ń bọ̀ ní Sátidé, ni mo bá pa ẹnu dé.

Mo gbà pé ó dé inú rẹ̀ tó fi sọ ọ́. Àmọ́ rédíò ń pariwo nígbà yẹn, òun sì kórìíra rédíò.

Ọjọ́rú, 12

Mo lọ gba oògùn. Etí mi kò gbọ́ nǹkan míì mọ́. Ọmọbìnrin tó ń ta oògùn ní “Sọ́rì, Mà,” kò gbé orí sókè: lọ dúró lọ́hùn-ún ló ń wí. Ọkùnrin kan nínú bọ́ọ̀sì ní sọ́rì nígbà tí ìgúnpá rẹ̀ ti wọ ìhà mi. Nọ́ọ̀sì máa ń sọ ọ́ fún Ọ̀gá tí abẹ́rẹ́ bá ti wọ ẹran tán. Ẹni tí kò gbọ́ ohun tí mo sọ á ní “Sọ́rì?” kí n tún un sọ. Ọmọ kan ṣubú lẹ́bàá títì, obìnrin mẹ́ta ló kígbe sọ́rì lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí èyí tó tì í nínú wọn. Ìyẹn ló wù mí jù. Pẹ̀lẹ́ ni, wọ́n kàn wọ̀ ọ́ láṣọ mìíràn ni.

Nítorí náà, kì í ṣe Ọ̀gá nìkan ló ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe gbogbo iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwa yòókù ní ọ̀rọ̀ míì nílé.

Mo ròyìn Sátidé fún Olùkọ́ Ẹnu. Ó ní, “Màmá, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó dé o.” Mo ní màá sọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Mi ò tíì sọ ọ́. Mo fọ kọ́tìnì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Ó dé. Tépù wà lọ́rùn rẹ̀. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun gbé e kọ́rùn kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Bàbá rẹ̀ gan-an. Mo dì mọ́ ọn lẹ́nu ọ̀nà títí ó fi ní, “Màámi, ẹ jẹ́ kí n mí.”

Ọ̀gá wà lórí àga lẹ́bàá fèrèsé. Mo ti bá a fá irùngbọ̀n. Ó rí ọmọ. “Sọ́rì.” Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ tó kú yẹn, ó fi í sẹ́rẹ̀kẹ́. “Ó ti tán, Bàbá. Ó ti tán.” Èmi wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, mò ń nu ojú. Mo ní lọ́kàn mi pé ó dáa tí mi ò sọ nǹkan kan.

Èmi náà ni mo tún fọwọ́ ara mi gbé tíì wọlé. Tíì gbóná. “Sọ́rì!” Ó ti ife sẹ́yìn. Abẹ́rẹ́ ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ológbò gorí àga. “Sọ́rì!” Ológbò sọ̀ kalẹ̀. Rédíò Kejì — aládùúgbò wa tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ — yọjú lójú fèrèsé, ó ní ẹ kú ilé o. “Sọ́rì,” Ọ̀gá dáhùn tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ẹ̀rín ọmọ mi ń kú lọ lójú mi báyìí.

Ó bá mi ní kíṣìnì. Kò pariwo, ìbá sàn kó pariwo. Ó ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, àbí? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní mo sì mọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Mo ní mo mọ̀. “Màámi, mo sọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi pé bàbá mi bẹ̀ mí. Mo fi omijé sọ ọ́. Àṣé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń lé ológbò ni!”

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi kò tilẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan.

Kò jẹun. Ìdúró ló wà tó fi dágbére fún bàbá rẹ̀. Ọ̀gá dìde, ó di fèrèsé mú, ó ń pè é títí ó fi yí kọ́nà. Sọ́rì. Sọ́rì. Sọ́rì. Èmi tí mo rò pé mo mọ gbogbo wọn, mi ò gbọ́ irú èyí rí. Ọmọ kò wẹ̀yìn.

Ọjọ́ Àìkú, 16

Kò pè.

Ọjọ́ Ajé, 17

Ọ̀gá kò sọ ọ́ lónìí. Ó nàka sí omi.

Ọjọ́rú, 19

Ẹnu ṣì wà ní pípadé. Olùkọ́ Ẹnu bẹ̀rù pé àìsàn náà ti tún padà wá. Ó yẹ ojú rẹ̀ wò, ó yẹ ọwọ́ wò, ó ní kò sí nǹkan kan. “Màmá, wọ́n kàn kọ̀ ni.”

Lọ́sàn-án, mo tún gbé tíì gbígbóná fún un — orí mi kò pé. Mo rí ọ̀rọ̀ náà tó dé ètè rẹ̀. Ó gbé e mì pẹ̀lú tíì. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sọ ọ́.

Mo wá lóye rẹ̀. Ìgàn aṣọ kan wà nísàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, olówùú, dúdú bí aago mẹ́jọ alẹ́, ó ti wà níbẹ̀ kí a tó bí Abẹ́rẹ́. Àwọn èèyàn ńlá ti bẹ̀ ẹ́ kó fi aṣọ yẹn rán tiwọn. Kò gé e fún ẹnikẹ́ni. Bó ṣe ń pa á mọ́ yẹn ló ṣe ń pa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ báyìí. Kò fẹ́ ná an sórí tíì mọ́. Ìfẹ́ rẹ̀ kún inú mi débi pé mo jókòó sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 20

Mo pe Abẹ́rẹ́. Mo ní mo jẹ̀bi, kò sọ pé mi ò jẹ̀bi. Mo sọ ti tíì fún un. Ó wá ní, “Ẹ máa fẹ́ atẹ́gùn sí tíì kí ẹ tó gbé e fún wọn.” Ó pa fóònù.

Ọjọ́ Àìkú, 23

Ilẹ̀kùn dún. Abẹ́rẹ́ ni. Kò sọ pé òun ń bọ̀. Ó ní orúnkún mi ni òun wá wò — orúnkún!

Ọ̀gá wò ó. Kò la ẹnu. Ó dìde, ó fi ẹsẹ̀ wọ́ dé ibi kọ́bọ́ọ̀dù. Mo fẹ́ dìde ràn án lọ́wọ́, Abẹ́rẹ́ fojú dá mi dúró. Ọ̀gá fa aṣọ olówùú yẹn jáde, ó wọ́ ọ wá, ó gbé e lé ọmọ lẹ́sẹ̀. Ó tú táì tó fi so ṣòkòtò, kí ìdí rẹ̀ lè ṣeé wọ̀n dáadáa; ṣòkòtò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́, èmi ni mo di ẹ̀yìn rẹ̀ mú. Ó wá na ọwọ́ òsì sí ẹ̀gbẹ́, ó dúró ṣánṣán bí oníbàárà. Ọwọ́ ọ̀tún kò gbé. Ó ń wò ó, ojú ń tì í.

Abẹ́rẹ́ bọ́ tépù lọ́rùn. Ó bá a gbé ọwọ́ ọ̀tún, ó fi èjìká ara rẹ̀ gbé e dúró, ó sì wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀. Àyà. Ìbàdí. Apá. Nígbà tó kan ọrùn, ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 28

Kò tíì dé. Kóòtù kì í ṣe búrẹ́dì, mo mọ̀. Ọ̀gá ń lọ síbi fèrèsé, ó ń bọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 oṣù Kẹrin

Abẹ́rẹ́ gbé kóòtù dé ní òwúrọ̀. Ó ní, “Màámi, ẹ bá mi lọ̀ ọ́ díẹ̀.” Mo lọ̀ ọ́. A wọ̀ ọ́ fún un. Ó jókòó lára rẹ̀ pẹ́pẹ́. Abẹ́rẹ́ ti rán apá ọ̀tún fẹ̀ díẹ̀ kí ọwọ́ lè rọrùn láti wọlé. Ẹni tí kò mọ̀ kò lè rí i.

Ọ̀gá bọ́ ọ, ó yí i sódì. Àtàǹpàkò òsì ń tọ ojú rán láti òkè dé ilẹ̀. Mo di etí tábìlì mú. Ó dé etí apá, ó rí okùn kan. Ó dúró síbẹ̀.

Ó tẹ orí ba, ó fi eyín já a, ó tu ú dànù.

Ó wá sọ ọ́. Lẹ́ẹ̀kan. Kò sí tíì níbẹ̀, ológbò wà níta, rédíò ti kú. Abẹ́rẹ́ ní, “Mo gbọ́, Bàbá mi.” Ó gbé orí lé e láyà, kóòtù náà wà láàárín wọn.

Ohun kan wà tí mi ò ní sọ fún Ọ̀gá láéláé. Nígbà tí mò ń lọ aṣọ yẹn, mo yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò, nínú àti lóde. Okùn kan ṣoṣo yẹn ló kù, apá òsì, níbi tí ẹnu rẹ̀ ti lè dé e. Abẹ́rẹ́ kì í fi okùn sílẹ̀.