Àgbàdo Tí Ẹ Máa Ń So Sókè Ààrò

Bàbá mi, Bàbá Ọ̀tan-Ilé,

Ọmọ yín tí kò kàwé ló ní kí wọ́n bá òun kọ èyí. Lọ́la ló máa pé ọdún kan tí Màríà ìyàwó mi ti kú. Mi ò sunkún mọ́. Ojú mi ti gbẹ.

Ọ̀rọ̀ Tèrésà ló ń dùn mí, ọmọ wa tó ń ṣe tíṣà ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Lọ́jọ́ Àjíǹde, ó sọ nídìí oúnjẹ pé ara ẹranko ni ara èèyàn ti wá, díẹ̀díẹ̀, fún ọdún tí kò lóǹkà. Mo ní ẹni tí ọ̀bọ bá bí kó gba inú igbó lọ. Ó rẹ́rìn-ín: “Bàbá, ẹ wo imú yín nínú dígí ná.” Mo lé e jáde. Màríà ì bá wà níbẹ̀, ì bá là wá. Ẹ̀yin tí ẹ fẹsẹ̀ rìn dé Òṣogbo torí ìrìbọmi, ṣé irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ rìn fún?

Mo fẹjọ́ rẹ̀ sun Fádà, kó má fún un ní Kọmúníọ̀ mọ́. Fádà ní Ìjọ Àgùdà ò ka ìwádìí yẹn léèwọ̀. Ó ní bí Ọlọ́run ṣe mọ ara lè gba ọdún púpọ̀, àmọ́ ọwọ́ Ọlọ́run gan-an ni ọkàn ti ń wá. Mo bínú sí òun náà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mò ń ṣa àgbàdo tí màá fi ṣe irúgbìn. Lọ́dọọdún, ṣírí tó tóbi jù lẹ máa ń so sókè ààrò. Ebi ì báà pa wá kú, ẹ ò ní jẹ́ ká sè é. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ṣírí oko wa ò ju ìka yín lọ. Nígbà tí ẹ máa kú, ó ti tó apá ọmọdé. Ẹ ò ra irú mìíràn. Ta ló wá ṣẹ̀dá rẹ̀, ẹ̀yin ni àbí Ọlọ́run? Mo jókòó tì í títí ọbẹ̀ mi fi jóná.

Bàbá, ṣé ẹ ti rí Ádámù lọ́run níbẹ̀? Báwo lojú rẹ̀ ṣe rí?

Mi ò tíì gbà pé ọ̀bọ bí mi o. Ṣùgbọ́n mo ránṣẹ́ sí Tèrésà. Ó dé láàárọ̀ yìí, ó jókòó sórí àpótí ìyá rẹ̀. Òun ló ń kọ lẹ́tà yìí. Ó ti nu ojú lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kó má jẹ́ kí omi kán sí bébà. Àwa méjèèjì la máa lọ sí Mísà ìyá rẹ̀ lọ́la.

Ẹ bá mi kí Màríà. Ẹ sọ fún un pé a ti jọ jẹun.

Èmi ni,
ọmọ yín tó jogún imú yín.