Owó Fàdákà Ọrùn Ìyá Rẹ

Kambolé,
Oṣù tó ṣáájú ààwẹ̀.

Sí Jàríátù, ọmọ mi àtàtà, ní Komah, Sokodé.

Kí àlàáfíà Ọlọ́run wà lórí rẹ, lórí Yàhàyá ọkọ rẹ, àti lórí àwọn ọmọ. Mo gbà pé ara yín le. Tèmi náà le, àfi orúnkún tó ń yọ mí lẹ́nu, nítorí mo ní dandan ni kí n fi ọwọ́ ara mi kọ ebè. Iṣu wa ta dáadáa. Ààfáà Jímọ̀ ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, ó sì ti ní kí n má sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Kẹ́hìndé oníyọ̀ fi ẹ̀gbà ọrùn ìyá rẹ, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, lé mi lọ́wọ́. Ó jẹ́ iṣẹ́ rẹ fún mi: kí n kó owó fàdákà márààrún tó wà lára rẹ̀ lọ fún alágbẹ̀dẹ ní Tchamba, kí ó gé etí tí wọ́n jó mọ́ wọn láti fi so wọ́n kọ́ ọrùn kúrò, kí wọ́n padà di owó. Ó ní àwọn oníṣòwò Jámánì kì í gba owó tó ní etí, Yàhàyá sì fẹ́ fi ra aṣọ tí yóò máa tà.

Mo lọ. Alágbẹ̀dẹ gé etí ọ̀kan, ó fi ayùn ha á, ó nù ún, ó fi hàn mí. Ojú àpá kò lè jọ ojú ara, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà mọ́. Mo rántí ìyá rẹ, mo ní kí ó dúró.

Jàríátù, n kò sọ èyí fún ọ rí. Mẹ́fà ni owó yẹn, èmi ni mo fi san sàdáàkì ìyá rẹ nígbà tí mo fẹ́ ẹ. Ọdún kan kò pé tí mo ní kí ó yá mi, kí n fi ra obì gbànja ní Sálágà. Ó ní òun gbọ́. Nígbà tí mo máa tún bèèrè, ó ti kó wọn lọ fún alágbẹ̀dẹ, wọ́n ti wà lọ́rùn rẹ̀. Mo pariwo pé ó ba owó jẹ́. Ó ní, "Olówó orí mi, tinú àpò, ẹ ó ní kí n mú un wá. Tọrùn mi, ojú á tì yín láti bèèrè." Ojú sì tì mí lóòótọ́. Owó ẹlòmíì ni mo yá lọ sí Sálágà. Òjò pa obì náà lọ́nà, gbogbo rẹ̀ jẹrà.

Lọ́dún tí eéṣú jẹ oko wa, tí o ṣì wà lẹ́nu ọmú, ìyá rẹ já ẹyọ kan, ó fi ra àgbàdo ní Goubi. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ kò wo ti etí. Àgbàdo yẹn ló gbé wa dé ìkórè. Ká ní mo ti gba mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́jọ́sí, bóyá n kì bá ní ọmọ tí mò ń kọ̀wé sí lónìí.

Mo ti ní kí alágbẹ̀dẹ jó etí yẹn padà. Kẹ́hìndé yóò mú ẹ̀gbà náà bọ̀. Bó bá jẹ́ ìwọ fúnra rẹ lo fẹ́ kó di owó, fi ẹnu ara rẹ sọ fún mi nígbà ọdún, n ó gbé e lọ, n kò ní bi ọ́ léèrè ìdí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọkọ rẹ ló bèèrè, fi í sọ́rùn. Yàhàyá kì í ṣe ènìyàn burúkú. Èmi náà kì í ṣe ènìyàn burúkú nígbà yẹn.

Kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ yín, kí ó dá àwọn ọmọ sí, kí ó jẹ́ ká fojú kan ara wa láyọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Àdìsá.

Ohun tó kù: Mo mọ̀ pé Yàhàyá ló ń ka lẹ́tà yìí fún ọ. Yàhàyá, ọmọ mi, o kú ìwé kíkà. Bí o bá ti fo ibì kan, jọ̀wọ́, padà síbẹ̀ kí o kà á fún un.