Góòlù Márùn-ún àti Àmín Kan

Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

Ilé-Ogbó na àdúgbò wa ní márùn-ún sí òdo lónìí. Kò dùn mí tó bí mo ṣe rò. Láti ìgbà tí aṣọ́lé tuntun yìí ti dé, a ò tíì borí ẹnikẹ́ni.

Góòlù kẹrin ló burú jù. Bọ́ọ̀lù rọra ń yí bọ̀, aṣọ́lé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un, bọ́ọ̀lù gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ̀yìn àwọ̀n ni mo wà. Mo ń pariwo "Ẹ yọ ọ́! Asẹ́ lọwọ́ rẹ̀!" títí ohùn mi fi há. Kò bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan.

Mo ya mọ́ṣáláṣí láti kírun àṣálẹ́. Lèmọ́mù ti lọ síbi òkú ní Olúpọ̀nnà, wọ́n ní kí ẹni tó mọ kéwú jù bọ́ síwájú. Aṣọ́lé wa ló bọ́ síwájú. N ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó mọ kéwú. Ìgúnpá rẹ̀ ti bó, àmọ́ kò ṣi ọ̀rọ̀ kan kà. Èmi náà ṣe "Àmín" lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú ohùn híhá yẹn.

Ó jọ pé ohùn yẹn ló tú mi fó. Bí mo ṣe ń wá bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà, ó wá bá mi, ó tẹrí ba.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú ariwo o."

Kò rẹ́rìn-ín. Kò sì bínú.

Kò sí kíkí tí Yorùbá ò ní èsì fún. Láti ìgbà tí mo ti délé ni mo ti ń wá ti èyí.