Ẹ Bá Wa Yọ Rìsífà Gbọ̀ngàn Kúrò Lára Iná Kí Ọjọ́ Àìkú Tó Pé

Ṣọ́ọ̀bù Àlímì Atúnrédíòṣe,
Ẹ̀yìn Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́,
Ayigya, Kumasi.
Ọjọ́ Kọkànlélógún, Oṣù Karùn-ún, Ọdún 1998.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Gbọ̀ngàn Ọmọ Yorùbá,
Alabar, Kumasi.

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa, Alhaji Ọláníyọnu,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ Ẹ DÁ FÍDÍÒ HÁJÌ TI ỌJỌ́ ÀÌKÚ DÚRÓ, KÍ Ẹ SÌ YỌ RÌSÍFÀ GBỌ̀NGÀN KÚRÒ LÁRA INÁ

Èmi ni Táhírù, ọmọ Àlímì tó ń tún rédíò ṣe ní Alabar kó tó di olóògbé. Èmi ni ìgbìmọ̀ yín rán lọ sí ọjà Kejetia ní oṣù Kejì ọdún yìí láti yan rìsífà fún gbọ̀ngàn wa, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gba ohùn lọ́wọ́ fídíò àti kásẹ́ẹ̀tì, tó sì ń pín in fún àwọn sípíkà. Ẹ̀rù ló ń bà mí tí mo fi ń kọ̀wé yìí, n kò sì ní fi bò fún yín. Ẹ̀rọ tí mo yàn lè jó gbọ̀ngàn náà mọ́ àwọn ènìyàn lórí.

Ohun tí ẹ ní kí n wá kò le. Ẹ ní ẹ fẹ́ èyí tí yóò gbé ohùn Àlùkùránì àti orin wákà jáde kedere, tí a ó sì lè máa fi wo fídíò nígbà ayẹyẹ. Mo rí mẹ́ta ní Kejetia. Àkọ́kọ́ kò lè gbé ju sípíkà méjì lọ. Orin dùn nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n fídíò kò ní ta yọ. Èkejì ń gbé sípíkà márùn-ún, kò tóbi, iná tiwa níbí ni wọ́n sì ṣe é fún. Òun gan-an ló yẹ wá. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí, ẹ̀yìn ẹ̀rọ ló máa ń kọ́kọ́ wò, níbi tí wọ́n kọ irú iná tó ń jẹ sí, kó tó wo iwájú tó ń dán. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi kọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn.

Ẹ̀kẹta ni mo rà. Iná ilẹ̀ òkèèrè, tí agbára rẹ̀ kò ju ìdajì tiwa lọ, ni wọ́n ṣe é fún. Mo rí i lẹ́yìn rẹ̀, mo sì kà á. Àmọ́ ẹni tó ń tà á fi fíìmù kan sí i, òjò inú fíìmù sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ láti inú sípíkà tó wà lẹ́yìn mi. Ọ̀gá, mo yíjú padà láti wo òjò nínú ṣọ́ọ̀bù tó ní òrùlé! Ogún ọdún ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ojúkòkòrò ni, n kò ní orúkọ mìíràn tí mo lè pè é. Mo wá ra tiransifọ́má, àpótí irin tó ń dín agbára iná kù, láti fi sáàárín ẹ̀rọ náà àti ògiri. Tiransifọ́má náà kéré. Ìdajì ohun tí rìsífà yẹn ń jẹ ló lè gbé. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo rà á, mo kàn sọ fún ara mi pé n óò pààrọ̀ rẹ̀ tó bá yá.

Ẹ rántí ọjọ́ tí a kọ́kọ́ lò ó. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò tí wọ́n ká ní Arafa lọ́dún tó kọjá la fi sí i. Nígbà tí ohùn àwọn tó ń ké Lábáíkà jáde láti ẹ̀yìn, Alhaja Àyọ̀kẹ́, Ìyá Àdínì wa, yíjú padà, ó sì bú sẹ́kún. Ó ní òun ti padà sí Arafa. Lọ́jọ́ kejì ló gbé aṣọ tó rà bọ̀ láti Mẹ́kà wá, aṣọ aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi òwú wúrà ṣiṣẹ́ sí létí, ó fi bo ẹ̀rọ náà àti tiransifọ́má rẹ̀ pọ̀. Láti ọjọ́ náà ni aṣọ yẹn ti wà níbẹ̀, ì báà jẹ́ pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Kò sí ẹni tó jẹ́ ká a, torí pé ohùn Àlùkùránì ń jáde lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì gbà pé àfojúdi ni kí ènìyàn tú u sí ìhòòhò. Nílé tèmi náà, a máa ń fi aṣọ bo tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n tí a ti pa ni. Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ mí. Àwọn ihò tó wà lórí rẹ̀, imú rẹ̀ nìyẹn.

Láti oṣù Kẹta ni fíúsì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Iṣẹ́ fíúsì kò ju pé kó já kí ilé má baà jó. Nígbà tó jó lẹ́ẹ̀kẹta, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin, ẹ pè mí síwájú ìgbìmọ̀, ẹ bi mí pé kí ló fà á. Ojú gbogbo yín wà lára mi. Mo dáhùn pé iná tó ń lọ tó ń bọ̀ lọ́dún yìí ló fà á, pé ara ẹ̀rọ náà le koko. Irọ́ ni mo pa. Lóòótọ́ ni iná ń lọ, gbogbo Kumasi ló mọ̀, ṣùgbọ́n tiransifọ́má tí mo rà ló kéré. Ẹ gbà mí gbọ́ torí pé ọmọ Àlímì ni mí.

Irọ́ yẹn ló bí èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù. Akọ̀wé yín, Malam Àúdù, gbà pé fíúsì ni kò lágbára. Ó bọ́ wáyà bàbà lára okùn iná àtijọ́ kan, ó wé e mọ́ fíúsì náà kó má baà já mọ́. Kò sì já mọ́. Inú gbogbo ènìyàn dùn. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá ni mo rí wáyà náà.

Mo dúró títí wọ́n fi jáde lọ ṣe àlùwàlá. Mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ, mo fi àjákù àbẹ́là kan lé orí tiransifọ́má, mo sì ń gbàdúrà kó má yọ́. Kásẹ́ẹ̀tì Yásínì tí wọ́n fi sílẹ̀ tó ń ké kò tíì parí tí àbẹ́là náà fi yọ́, tó ṣàn dé ilẹ̀. Aṣọ Alhaja ti pọ́n lábẹ́, ó ń rùn bí ìgbà tí áyọ́ọ̀nù bá pẹ́ lórí aṣọ. Mo sọ fún Kwasi, tí òun náà ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Ayigya. Ó bẹ̀ mí, ó ní mesrɛ wo, kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan ẹ̀rọ yẹn mọ́. Kwasi kì í ṣe ẹni tó ń bẹ ènìyàn.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Alásárì, wọ́n fẹ́ fi fídíò Hájì ọdún yìí han àwọn ìyá àti àwọn ọmọ ilé-kéú. Wákàtí mẹ́ta ni fídíò náà. Wọ́n á ti gbogbo fèrèsé, wọ́n á fi aṣọ dúdú bò wọ́n kí àwòrán lè hàn. Ilẹ̀kùn iwájú nìkan ni yóò ṣeé gbà, torí pé sípíkà ńlá méjì tó ń gbé ohùn ẹ̀yìn jáde ló dí ilẹ̀kùn kejì. Èmi ni mo gbé wọn síbẹ̀. Mo ti gbé wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún, ibẹ̀ ni ohùn ti dùn jù. Ní báyìí, bí mo bá dijú, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo yẹn ni mo ń rí, àti iye ẹsẹ̀ tó fẹ́ gba ibẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé láti sọ òtítọ́. Alhaja Àyọ̀kẹ́ bá mi níbi tí mo ti ń ká etí aṣọ, ó bi mí pé kí ni ọwọ́ mi ń wá níbẹ̀ láìṣe àlùwàlá. Bí mo ti ń kólòlò, Malam Àúdù ní inú ló ń bí mi pé òun tún fíúsì ṣe láìpè mí, ó sì gba kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn lọ́wọ́ mi. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ní ẹ̀rọ náà léwu, èsì tí wọ́n ń fún mi ni pé ṣebí èmi fúnra mi ni mo ní ara rẹ̀ le koko. N kò lè bá wọn jà. Ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n ń dá padà fún mi. Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Àdínì kò ṣe ohun àìtọ́ kankan; ìfẹ́ ló fi bò ó.

Mo gbọ́ pé ẹ ó ti Accra dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó bọ́ bàtà, ẹ pàṣẹ kí wọ́n fa okùn ẹ̀rọ náà yọ kúrò lára ògiri. Ẹ bẹ Ìyá Àdínì kó fọwọ́ ara rẹ̀ ká aṣọ rẹ̀, torí pé kò sí ẹlòmíràn tó lè ká a kí ìjà má ṣẹlẹ̀. Kí wọ́n gbé sípíkà méjèèjì kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Tí ẹ bá rí i pé fídíò náà kò ṣeé dá dúró, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí fèrèsé, kí wọ́n sì fi ohùn tẹlifíṣọ̀n lásán wò ó. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tíì pé oṣù méjì. Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ tí yóò bá a jẹ́ ọjọ́ Àìkú yìí.

Mo mọ ohun tí èyí máa dá sílẹ̀ fún mi. Ní Alabar, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ rìn. Àwọn tó gbé rédíò sọ́dọ̀ mi á wá kó wọn lọ láìtíì tún wọn ṣe, wọ́n á sì ní ọmọ Àlímì kò jọ bàbá rẹ̀. Ìbẹ̀rù yẹn ló pa mí lẹ́nu mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí àwọn ènìyàn bá bèèrè ìdí tí ẹ fi pa ẹ̀rọ, ẹ má dáàbò bò mí. Ẹ ka lẹ́tà yìí sókè, kí ẹ ka orúkọ mi mọ́ ọn.

Ó ku ohun kan. Nímátù ìyàwó mi ti gba àyè ní ìlà iwájú fún ara rẹ̀ àti Ràzíátù ọmọ wa. Ó ń fi mí yangàn láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ọkọ òun ló yan ẹ̀rọ náà. Títí mo fi ń kọ ìlà yìí, n kò tíì rí ẹnu sọ ohunkóhun fún un. Òun ni mo fẹ́ fi lẹ́tà yìí rán sí yín, lẹ́yìn tí mo bá ti kà á sí i létí. Bí ẹ bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní àga kó jókòó díẹ̀.

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọ̀gá wa.

Èmi ni tiyín, pẹ̀lú òtítọ́ tó pẹ́ kó tó dé,

Táhírù Àlímì,
Atúnrédíòṣe, ẹni tó yan rìsífà gbọ̀ngàn.